Sí Ìdílé Bàbá Ẹfun, Olùtọ́jú Pápá Wa, Tí Wọ́n Kú Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Àwọn Àlejò

Ìyá wa, ìyàwó olóògbé, àti ẹ̀yin ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú, ni àwa Ẹ̀ka Eré Ìdárayá yunifásítì yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú olùtọ́jú pápá wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ẹfun. Àkọ́bí yín bẹ̀ wá pé kí a má fi ohunkóhun pamọ́. A ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe àwọn ará yunifásítì òdìkejì odò ló pa bàbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ni. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ni bàbá fi ń fa ìlà funfun sí pápá wa. Ọ̀gá àgbà pàápàá kò tó ẹni tí í tẹ ìlà tí kò tíì gbẹ. Bàbá á ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé gólì yípo. Lọ́dún tí omíyalé bo pápá, bàbá nìkan ló ti ń fi korobá gbọ́n omi kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí.

Ní Sátidé tó kọjá, aṣọ́lé àwọn àlejò láti yunifásítì òdìkejì odò gbá pẹnáritì wa dànù ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Kí fèrè tó dún, àwọn alátìlẹyìn wa ti wó ọgbà, wọ́n ti yọ irin ìjókòó. Wọ́n ṣẹ́ aṣọ́lé náà lápá. Bàbá fà á wọ yàrá ìmúra àwọn àlejò, bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú gba ojú fèrèsé. Bàbá wá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ tí bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa lọ sílé. Ọmọ ọlọ́mọ ni.”

Òkúta ló kọ́kọ́ ba bàbá níwájú orí. Irin ló tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì wa sọ pé egungun ìhà mẹ́rin ló kán, agbárí sì là. Síbẹ̀ bàbá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ńṣe ni wọ́n ń tú ìka bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Aṣọ́lé náà wà láàyè. Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa lánàá. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè kó tó lọ ni bóyá ẹ ó gbà kí òun wá kúnlẹ̀ níwájú yín. A ní a ó bi yín ná.

Méje nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. A ti lé wọn kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ wa kankan kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí. Ilé yunifásítì tí ẹ ń gbé, tiyín ni títí àbígbẹ̀yìn yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ̀kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di ojúṣe wa.

A kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ tètè dárí jì wá. Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Kí Ọlọ́run tó rí bàbá lẹ́nu ọ̀nà yẹn, nígbà tí àwa kò sí níbẹ̀, wọlé tọ̀ yín wá, kó sì tù yín nínú níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa kò lè dé.

Olùdarí Eré Ìdárayá,
lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka