Yàrá Tó Tutù Jù Lọ Nílé Iṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Màdáàmù tó ni ilé iṣẹ́ pè mí. Adájọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí "Mo ti dájọ́" ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní sáfà wa ti darúgbó. Òótọ́ ni. Inú kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ni àkọsílẹ̀ gbogbo taya tí a ti tà wà, díìsìkì rẹ̀ sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí ò rí òróró. Ó ti ra tuntun. Kí n kó gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, á sì gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Bí mi ò bá ṣe é — ìsọ̀ búlọ́ọ̀kù àbúrò bàbá mi. Bàbá mi ti sọ ọ́: búlọ́ọ̀kù kì í béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ìṣẹ́gun, 4
Tuntun dé. Kò ju búrẹ́dì kan lọ. Kì í pariwo, kì í gbóná.
Ìṣòro mi nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Sáfà àtijọ́ máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé yàrá rẹ̀ nìkan ló ní amúlétutù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń gbé ibẹ̀. Mánijà sítọ́ọ̀, àna Adájọ́, ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, orí lórí páálí ìwé àtijọ́. Bàbá Òtútù ni mo sọ ọ́. Akọ̀wé owó, Àǹtí Káádígàn, ti gbé tábìlì rẹ̀ wọbẹ̀. Tí sáfà bá kúrò, Adájọ́ á gbé amúlétutù lọ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀.
Mo wọlé tèmi ti sukurudiráfà. Bàbá Òtútù la ojú kan ṣoṣo, ó ní ta ló rán mi. Mo ní Màdáàmù ni. "Màdáàmù ò sí níbí. Èmi ni mo wà níbí. Pa ilẹ̀kùn dé, òtútù ń jáde."

Ẹtì, 7
Kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà sọnù. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rìn. Inú yàrá náà ni Bàbá Òtútù wà tó ti ń sọ ọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Àǹtí Káádígàn ti bá Adájọ́ sọ ọ́ pé mo fẹ́ ba ilé iṣẹ́ jẹ́. "Ọmọ Pólì! Wọn kì í rí nǹkan tó dáa kí wọ́n má tú u." Mo kí i lónìí. Mo tún kí i. Ó wọ káádígàn kejì.

Ọjọ́rú, 12
Mo kéde pé mi ò yọ sáfà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ yọjú kí n tó jókòó.
Waya kan gba inú ògiri láti ìdí sáfà wá sábẹ́ tábìlì mi. Mo so Búrẹ́dì mọ́ ọn. Bàbá Òtútù ń hanrun, àkọsílẹ̀ ń gba ẹ̀bá etí rẹ̀ kọjá. Oorun àgbà, iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹtì, 21
Ó parí! Ọ̀dọ̀ Búrẹ́dì ni gbogbo kọ̀ǹpútà ń lọ báyìí, kò sẹ́ni tó fura. Díìsìkì àtijọ́ ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú. Mo fi òkú náà sílẹ̀ níbẹ̀ — fáànù ń yí, iná ń ṣẹ́jú, amúlétutù ń fẹ́. Kí kálukú máa gbádùn. Adájọ́ wà ní ìrìn àjò, á gbọ́ tó bá dé.
Olùkọ́ wa ní Pólì máa ń sọ pé nǹkan tó bá wà níbì kan ṣoṣo, kò tíì wà níbì kankan. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sínú díìsìkì kékeré kan. Nígbà tí Bàbá Òtútù lọ tọ̀, mo tì í sí ìsàlẹ̀ páálí rẹ̀. Ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ gbẹ, ẹ̀ṣọ́ sì ń sùn lé e lórí.
Èmi ni mo gbọ́n jù níbí.

Ẹtì, 28
Ọgbọ́n àgbọ́njù.
Adájọ́ ti dé, Bàbá Òtútù sì ti ṣáájú mi. Ó mú un wọ yàrá, ó ní kó fọwọ́ kan sáfà. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń hó! Akọni ni. Kí la fẹ́ fi búrẹ́dì yẹn ṣe? Ẹ jẹ́ ká tà á." Mo ní, Mà, òkú lẹ fọwọ́ kàn yẹn, abẹ́ tábìlì mi ni gbogbo nǹkan wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí Káádígàn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ káádígàn kan. "Òkú wo ló ń ṣẹ́jú?" Èmi tí mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣẹ́jú, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tún la ẹnu. Adájọ́ ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní mi ò ṣe iṣẹ́ tí òun rán mi, kí n máa lọ. Ó ti dájọ́.
Ọ̀rẹ́ Bàbá Òtútù ló ra Búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n ní kí n bá wọn gbé e dé ìdí mọ́tò. Mo gbé e.

Ọjọ́ Ajé, 31
Ìsọ̀ búlọ́ọ̀kù. Oòrùn. Kò sí amúlétutù.
Fóònù dún. Bàbá Òtútù. "Ọ̀gá mi." Èmi! Gbogbo kọ̀ǹpútà ti fọ́jú. Ta ló ra kí ni, taya mélòó ló kù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti nu inú Búrẹ́dì mọ́ tónítóní, ó ti fi fíìmù kún un. Ó ní Adájọ́ ò wo ẹlòmíì, òun nìkan ló ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, kí la máa ṣe?"
Mo bi í bóyá yàrá ṣì tutù. Ó ní ó tutù gan-an. Láti àárọ̀ lòun ti gbé orí lé páálí òun, tóun ń ronú.
Mo ní, "Ẹ má gbé orí kúrò níbẹ̀ o, sà."
Adájọ́ já fóònù gbà. Ó ní tí mo bá ní ohunkóhun láti sọ, kí n yáa sọ ọ́.
Mo ní, "Mà, àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀."
Mo pa fóònù, mo gbé búlọ́ọ̀kù tó kàn.