Rédíò Tí Kò Lẹ́nu

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Mo gbé mọ́tò tí Bàbá kú fi sílẹ̀ padà fún Màámi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Mo ń súfèé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo ti tú rédíò àtijọ́ kúrò, mo ti fi èyí tó lójú gbàgàdà bíi tẹlifíṣọ̀n sí i, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Under G ń wọ́ tọ̀ mí wá fún ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe rédíò mọ́tò.

Màámi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Múfú, ẹnu rẹ̀ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màámi, àwọn tuntun kì í lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì mọ́. Fóònù lẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀."

"Wáàsí bàbá yín tó wà nínú tàtijọ́ yẹn ńkọ́?"

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní ohùn Bàbá nínú. Mi ò mọ̀, àfi ìgbà tí Màámi sọ ọ́, pé gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń jókòó sínú mọ́tò gbọ́ ọ.

Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n yẹ inú rédíò wò kí wọ́n tó tú u! Mo pe ẹni tó ń ra irin àlòkù tí mo gbé rédíò àtijọ́ náà fún. Ó ní àwọn ti fọ́ ọ láàárọ̀ àná.

Màámi ò bú mi. Ká ní wọ́n tilẹ̀ bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó rẹwà."

Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ti wọ inú mọ́tò, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Iná rédíò náà ń tàn sí wọn lójú. Kò sọ nǹkan kan.