Púróòbù Tí Kò Dúró Síbi Tó Yẹ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ṣé ọmọ tuntun Bùrọ̀dá Lásún ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Òjò Port Harcourt níbí ò dáwọ́ dúró. Kí n tó ti Eneka, níbi tí mò ń gbé, dé ibi iṣẹ́ ní Rumuokwurushi, ẹrẹ̀ á ti bo bàtà mi. Síbẹ̀, inú mi ń dùn, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó fà á.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an. Áńtẹ́nà là ń yẹ̀ wò, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí òpó gíga kí ìpè fóònù lè lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní púróòbù á máa rìn níwájú áńtẹ́nà náà, á máa dúró díẹ̀díẹ̀, á máa gba ìgbì rédíò tó ń jáde lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìyẹn ṣírò bí áńtẹ́nà náà yóò ṣe ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn.

Bàbá Amadi, àgbàlagbà ará Ikwerre tó ń bá wa kan áńtẹ́nà, lo oṣù mẹ́rin lórí ọ̀kan. A wọ̀n ọ́n, èsì rẹ̀ burú. A tún un wọ̀n, bákan náà ni. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíì síṣẹ́ náà. Bàbá Amadi jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ ọ̀gá pé kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n fi yẹ ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n wò ná. Mo fi iná léésà, iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń lọ tààrà, wo ibi tí púróòbù ń dúró sí. Kì í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà rò. Irin tó ń gbà kọjá ti tẹ̀ láàárín. Ìyàtọ̀ náà ò nípọn tó èékánná, àmọ́ ó tó láti ba ìṣirò jẹ́. Mo kọ ibi tó dúró sí gan-an sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi tún ìṣirò náà ṣe. Èsì náà mọ́ tónítóní: áńtẹ́nà Bàbá Amadi ò ní àléébù kankan.

Ọ̀gá ò tètè gbà. Ó ní kí wọ́n na irin náà tọ́, kí a tún áńtẹ́nà wọ̀n. Èsì tuntun bá tèmi mu. Ojú ti gbogbo wa, a sì bẹ Bàbá Amadi. Bàbá wá yíjú sí mi, ó ní, “My pikin, you do well.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹja tútù wá. Èmi tí mo ti ń dá jẹun láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, àwa mẹ́fà la jọ jẹ ẹ́, ẹ̀rín ò sì jẹ́ ká tètè jẹ tán.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú yín ṣú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kó dá yín sí fún wa, ẹ̀yin àti Màmá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, kí ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń rántí yín lójoojúmọ́,
Moríámọ̀