Ìtàn Oko Opó

Ijan-Èkìtì, 1978

Ìyá mi ní Abẹ́òkúta, ẹ kú àárò mi. Ara mi le.

Mo fi ìtàn kékeré kan kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi: ìjòyè gba oko opó. Mo ní, kí ni kí opó náà ṣe? Kùdírátù dáhùn pé, "Kó lọ gbà á padà, Tíṣà." A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, opó tí wọ́n gba oko rẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin náà lọ kọ ebè síbẹ̀. Ọlọ́pàá ti mú un lọ sí Adó.

Ọ̀dọ̀ mi ni Kùdírátù ń sùn báyìí. Òkò fọ́ fèrèsé wa lánàá; eré ọmọdé ni. Ẹ ní kí Olúfúnṣọ́ àbúrò mi má tíì wá. Ọ̀nà ò dára.

Ẹ bá mi kí Bàbá.

Monínúọlá ọmọ yín