Àwọn Tó Dáwó Géèmù Ń Bọ̀ Wá Jẹun Nílé Wa

Ilé wa, Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀.

Abdulhafeez, Àlàó ọmọ mi,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo kí ọ lálẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ rẹ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ọlọ́run Ọba tó ṣọ́ ọ láti inú mi títí o fi hu irùngbọ̀n kò ní ṣíjú kúrò lára rẹ, kò ní fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ. Àmín. Gbogbo wa wà dáadáa, àfi orúnkún bàbá rẹ tó tún ń dùn ún, ó sì ní kì í ṣe ọjọ́ orí, ó ní àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ṣe ga jù. Ewúrẹ́ wa bímọ, Ameenah àbúrò rẹ sì ti fi orúkọ rẹ pe èyí tó jẹ́ akọ, ó ní òun náà kì í dáhùn tí wọ́n bá pè é. Mo bá a wí, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín.

Àìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo ti pè ọ́ títí, obìnrin kan ló ń gbé e. Ó máa ń ní kí n tún pè tó bá yá. Ohùn rẹ̀ tutù o, àmọ́ kò kí mi rí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí mo bá sì ń sọ tèmi lọ́wọ́, á kàn já a mọ́ mi létí. Tó bá jẹ́ ẹni tí o fẹ́ mú wálé ni, bá a sọ̀rọ̀. Mùnírátù tó ń lọ ra ọjà ní Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo ní kó fi lé ìwọ lọ́wọ́, kó má fi lé obìnrin náà lọ́wọ́ rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń ran aṣọ ilé ìwé, ni ọkùnrin kan wọlé tó dọ̀bálẹ̀. Ọlálékan ni, ọmọ Lágúnjú ní Òkèrèwè, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì. Ó ní ṣé èmi ni ìyá Hafeez tó ń ṣe géèmù. Mo ní èmi ni, mo ti ń yọ̀, mo rò pé ó wá kí mi kú oríire ni. Ó ní òun wà lára àwọn tó dáwó fún ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí o lè ṣe géèmù náà, o ní ọdún kan ni yóò gbà, ọdún kẹrin rèé, wọn ò rí géèmù, wọn ò sì gbúròó rẹ mọ́. Mo mọ̀ pé o ń ṣe géèmù, àmọ́ n kò mọ̀ pé owó olówó ló wà nínú ẹ̀.

Mo fún un lómi, mo ní kó jẹ́ kí n rí iṣẹ́ náà. Ó yọ fóònù, ó fi fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí wọn nígbà kan hàn mí. Hafeez! Ìlú ni! Mo rí ilé alámọ̀, mo rí odò, mo rí ọjà, mo rí èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ìyá àgbà kan sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó jọ ìyá bàbá rẹ bí ẹni pé òun gan-an ni. Omi bọ́ lójú mi. Mo ti rò pé ká ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù lójú fóònù ni géèmù. Àmọ́ ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ògiri, tó ń rìn, tó ń rìn, kò kúrò lójú kan. Mo bi Ọlálékan pé kí ló ṣe onítọ̀hún. Ó ní ibi tí iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn. Jọ̀wọ́, wá ẹni tó máa fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti wá yé mi, mo sì gbéjà rẹ kọ́rùn. Mo ní ṣé Ọlálékan kò rí bí èèyàn ṣe pọ̀ tó nínú ìlú yẹn ni? Ta ló ń bọ́ wọn? Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, ṣé bí oúnjẹ ṣe wọ́n báyìí nìyí? Gbogbo wọn á jẹ láàárọ̀, wọ́n á jẹ lálẹ́, wọ́n á wọṣọ, báwo ni owó ìjọ́sí ṣe fẹ́ tó? Ọlálékan fọwọ́ bo ẹnu, Ameenah sá wọ yàrá. Ọlálékan wá ní Màmá, wọn kì í jẹun, àwòrán ni wọ́n. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n tí wọn kì í bá jẹun, kí ni àwọn obìnrin yẹn ń tà lọ́jà?

Bàbá rẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó jáde, ó ní ẹni tó bá dá ọdún kan tó wá lo mẹ́rin, yálà ó ń purọ́ ni o, tàbí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí o dá owó olówó padà. Mo ní rárá, ẹni tó ń kọ́ odindi ìlú ni wọ́n ń lé léré báyìí. A jiyàn títí. Ọlálékan ní kì í ṣe pípẹ́ náà ló ń dun òun. Ó ní Abímbọ́lá tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì pẹ̀lú dáwó, ìyẹn ní kí wọ́n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, ó sàn kó pẹ́ ju kó wá ní àbùkù lọ. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí o bá ti ní ó ti ń parí lọ, o tún máa ń fi nǹkan kún un. Àdúgbò kan lo kọ́kọ́ pè é, o ní odò tí wọ́n á lè lúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, o ní ẹṣin wà, o tún wá ní kí wọ́n sanwó aṣọ tí àwọn èèyàn inú géèmù náà máa wọ̀, nígbà tí géèmù fúnra rẹ̀ kò tíì sí nílẹ̀.

Mo fi iyàn sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé aṣọ Iléyá fún un, á máa fi iṣẹ́ ọnà kún ọrùn rẹ̀, á fi kún apá, nítorí pé ó wù ú, aṣọ náà á rẹwà, àmọ́ ògbólógbòó aṣọ ni olówó á fi ṣe ọdún. Síbẹ̀, olówó mọ ṣọ́ọ̀bù, á wá, á rí aṣọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, á pariwo lé ọ̀gá wa lórí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ díẹ̀. Àwọn tìẹ ńkọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ pariwo lé lórí? Ohun tí wọ́n rà kò sí níbi tí wọ́n ti lè fọwọ́ kàn án, ẹni tó sì ń ṣe é kò fọhùn. Kì í ṣe pé wọ́n burú, Àlàó. Ọlálékan ní àwọn kan ti fẹ́ kọ orúkọ rẹ síta pé oníjìbìtì ni ọ́. Ọmọ tí mo bí!

Mo wá ronú. Níbí, tí èèyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, tí wọ́n bá a kọ́lé dé ìdajì, tí nǹkan wá há, kì í sá pamọ́. Á pè wọ́n padà, á fún wọn lóúnjẹ, á mú wọn yí ilé náà ká, á ní ibi tí mo bá a dé rèé, ibi tó há sí rèé. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lólè? Ni mo bá ní kí Ọlálékan sọ fún gbogbo àwọn tó dáwó pé ìyá Hafeez ní kí wọ́n wá jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé tí oṣù yìí máa fi parí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Lójú mi, òun àti Abímbọ́lá ni, bóyá pẹ̀lú àwọn mélòó kan láti Ìpetumodù.

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níwájú mi. Kí n tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan. Ẹnì kan ní ṣé ọgbọ́n tí o tún fẹ́ fi lù wọ́n ní jìbìtì nìyí. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ń bèèrè bóyá ẹran máa pọ̀. Ẹnì kan ní Kánádà ní òun ti ń wá ọkọ̀ òfurufú. Mo ní Kánádà kẹ̀? Ṣé kì í ṣe àwọn ará àdúgbò ló dá owó yìí ni? Ó ní gbogbo ayé ni. Hafeez, o gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé, o wá ń sá fún èmi. Iléyá méjì, a kò rí ojú rẹ. Ọ̀kan tún wà nínú wọn tó ní láti èṣí ni òun ti ń bú ọ, òun kò mọ̀ pé o ní ìyá. Èyí ló dùn mí jù.

Nítorí náà, wá. Gbé e wá bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ àdúgbò kan ṣoṣo ni agbára rẹ ká, sọ fún wọn pé àdúgbò kan ni, kí o fi ẹṣin sílẹ̀. Tí kò bá sì lè parí mọ́, sọ ọ́ lójú wọn, màá jókòó tì ọ́.

Fi owó ránṣẹ́ sí mi fún ìrẹsì àti òróró, kí o fi ti ẹran sí i, nítorí ará Ìbàdàn yẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú owó àwọn àlejò náà lo ti fẹ́ yọ ọ́, fi sílẹ̀, màá wá nǹkan ṣe sí i. Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ, ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò di ohun tí wọ́n ń fi ọ́ yangàn. Àmín.

Bàbá rẹ tó ń pariwo pé kí o dá owó padà, òun ló ti lọ tọrọ bẹ́ǹṣì ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n bi í pé ìnáwó kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wálé.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó purọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjọkẹ́.