Ibi Tí Ẹ Ti Pa Fíìmù Yẹn Rẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí ń pariwo sórí fóònù bí ẹni pé òkè òkun ló ń pè, tó sì jẹ́ pé òpópónà kejì sí tiwa ló ń gbé,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní í dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ń kọ ọ́ náà, torí pé nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Ṣé ẹ rántí fíìmù àwọn ará Sweden yẹn, èyí tí ẹ gbà sórí téèpù láti orí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje? Mo rí i lánàá ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Heathway, ní Dagenham níbí, mo sì rà á. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́. Ojú ọmọkùnrin tó wà lára páálí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, irun rẹ̀ funfun bí òwú, eyín iwájú kan kò sí lẹ́nu. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó pàdé ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a gbé yín lọ sin sí Ìjẹ̀bú-Igbó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, Mofẹ́ ọmọ mi kò sì tíì mọ̀ pé ẹ ti kú. Mo ní ẹ lọ sílé lọ sinmi. Nígbà tí mo ń lọ sí ìsìnkú, mo ní mo ń lọ wò yín. Nígbà tí mo dé, mo ní ẹ ṣì fẹ́ dúró díẹ̀ sí i. Ẹ wò ó, n kò tilẹ̀ purọ́ tán, Ìjẹ̀bú lẹ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ń dúró de ìpè yín. Kò sí ọjọ́ ìbí kan rí tí ẹ kò pè é kó tó fọ ẹnu, kí ẹ máa ki Àbẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tijú. Ó ti sọ fún mi pé kí n má gbàgbé láti sáàjì fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àǹtí Ìyábọ̀, àbúrò yín, gbọ́, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn.

“Má wulẹ̀ sọ fún un o. Ọmọdé ni. Just tell her network ò dáa ní Ìjẹ̀bú. Tó bá yá, á mọ̀ fúnra rẹ̀.”

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, àbí? A kì í sọ̀rọ̀ ikú sí ọmọdé létí, a máa ń ní ẹni náà rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fún mi nígbà tí Màmá kú, lọ́dún tí ẹ gba fíìmù yẹn. Ẹ ní wọ́n lọ gbàtọ́jú nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fíìmù. Ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ kò lọ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ la máa ń wò ó. Ẹ ó ti bó ọsàn sílẹ̀, ẹ ó ti yọ bátìrì rìmóòtù, ẹ ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kó lè gbóná. Níwọ̀n bí n kò ti lè yára ka ìtumọ̀ èdè Òyìnbó tó ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù, ẹ̀yin lẹ máa ń kà á sí mi létí ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú yín. Gbogbo wọn ló ń fi ohùn yín sọ̀rọ̀, àti ìyá tó ń ṣàìsàn, àti ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ létí adágún, àti bàbá àgbà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọmọ náà á jí, á ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá Àgbà, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Mo gbà tọkàntọkàn pé àwọn ọmọ Sweden ní ẹ̀kọ́ ilé ju èmi lọ. Ẹ tiẹ̀ máa ń fi í bú mi.

Mo wò ó láàárọ̀ yìí nígbà tí Mofẹ́ wà nílé ìwé. Bàbá, ọmọ yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá. Orúkọ ló fi ń pe bàbá àgbà rẹ̀. Ibi tí ẹ ti ní ó ń dúpẹ́ oúnjẹ, ó ń sọ pé ẹja náà ń rùn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ bá àwọn ará Sweden tọ́ ọmọ wọn, wọn kò mọ̀.

Ẹ ó rántí ibi tí tiwa máa ń parí sí. Bàbá àgbà ń bó ọ̀dùnkún ní kíṣìnì, ọmọ náà wọlé, omi adágún ń kán lórí rẹ̀, bàbá àgbà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó la ẹnu. Lójijì, ìkórè ìjọ wa ní Barking. Àwọn ìyá ìjọ nínú aṣọ funfun, ọ̀pẹ̀yìnbó àti iṣu nínú agbọ̀n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ tí kò bá orin mu. Ẹ ní àṣìṣe ni, pé ẹ gba ìkórè lé e lórí. Fún ìgbà pípẹ́ mo rò pé bí fíìmù náà ṣe parí nìyẹn, pé ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo máa ń wá irun funfun láàárín àwọn ọmọ ìjọ. Tí mo bá bi yín léèrè, ẹ ó sọ ìparí mìíràn fún mi. Lọ́jọ́ kan ó di kápútéènì, lọ́jọ́ kejì ó wá sí Dagenham, ẹ jọ ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀.

Lónìí mo kọjá ibi tí ọ̀bẹ wà. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àbí ẹ ti mọ̀ tipẹ́? Bàbá àgbà sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sọ pé ó rìnrìn àjò. Ọmọ náà béèrè bóyá ọ̀dùnkún yẹn máa tó àwọn méjèèjì, ó sì jáde lọ gun kẹ̀kẹ́ yí ilé po, ó ń yí i, ó ń yí i. Fíìmù náà sì ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó jí èso ṣẹ́rì nínú ọgbà olọ́gbà, ó tún rẹ́rìn-ín.

Téèpù tuntun mẹ́ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà náà, a kò tíì tú ọ̀rá lára wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ orí èyí lẹ gba ìkórè sí? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tó ti la ẹnu? Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ kò fẹ́ kí n gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò lè kà á, n kò sì gbọ́ èdè wọn. Ẹ̀yin lẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu yín ni gbólóhùn yẹn ì bá ti jáde, ní Yorùbá, lórí àga wa, kí ẹ sì máa wo ojú mi: ìyá rẹ ti kú. Ṣé ìyẹn lẹ sá fún?

Mo bínú sí yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti kú, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn olóògbé, tí mo gbọ́ orúkọ Màmá. Mo gbójú sókè wò yín. Iwájú lẹ ń wò, ṣùgbọ́n ẹ di ọwọ́ mi mú débi pé ìka ń dùn mí. A délé, a jẹ ìrẹsì, a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ẹ fi lọ. Mo pè yín ní ọlọ́kàn líle nínú ara mi. Ẹ foríjì mí.

Ọjọ́ Ẹtì. Mo tún padà sídìí lẹ́tà yìí.

Lánàá, nígbà tí Mofẹ́ ti ilé ìwé dé, mo bu oúnjẹ fún un ní kíṣìnì, mo sì pa gáàsì. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́kàn mi ní èdè Òyìnbó, kò jáde.

“Mofẹ́, Bàbá Àgbà ti kú. Wọn ò ní lè pè ẹ́ ní Saturday.”

“Like, dead dead?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“But you said wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú.”

“Ibẹ̀ la sin wọ́n sí. Mo purọ́ fún ẹ. Má bínú.”

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó ní kí n má ṣe irú ẹ̀ mọ́, mo sì ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ó jẹun, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ń fi ìka nu abọ́ lá nígbà tó bi mí.

“Mummy, when your own mum died, ta ló sọ fún ẹ?”

Ìlérí mi kò tíì pé wákàtí kan, Bàbá. Mo ní ẹ̀yin ni. Mo ní ẹ pè mí sí kíṣìnì, ẹ jókòó kí ojú wa lè dọ́gba, ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi.

“Was he scared?”

Mo ní ẹ̀rù bà yín gan-an, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí ìbínú rẹ̀ ti tán.