Má Tíì Dúpẹ́

Mutmainah,

Mi ò fẹ́ jí ọ ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí ni mo ti bá oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ọ́ pé, "Ṣé dáadáa lo jí?" O ó ní, "Alihamudulilahi, Mọ́mì." Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé abaramóorejẹ ló ń ráhùn. Forí jì mí.

Mò ń lọ bá dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn ní Òkè-Àdó, kó lè rí ọ lónìí. Má ti ilẹ̀kùn o! Kókó wà nínú fúláàsì. Bí o ò bá lè mu ún, má fi pamọ́ fún mi mọ́.

Bí mo bá dé, màá bi ọ́ bí o ṣe jí. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má tíì dúpẹ́.